Bí Ọkọ̀ Bá Ń Wa Ara Rẹ̀, Ta Ni Yóò Jíhìn?

Bí ọlidé bá ti ń sún mọ́lé ni ọ̀rọ̀ ìrìnàjò máa ń gba ẹnu wa kan. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó a máa múra, wọn a gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà àti Àkúrẹ́ kọjá kí wọ́n tó dé Àgbàdo. Àwọn tó wà lókè òkun a sì máa pe ìyá wọn wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Ìyá tó bá lọ sí Phoenix, San Francisco, Los Angeles tàbí Atlanta lónìí lè rí ohun tí àwọn ìyá tiwa kò lálàá rẹ̀ rí: ọkọ̀ tó wá gbé èrò, tí kò sí ẹnì kankan ní ìdí sítíárì rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ṣé ó tọ́ kí ènìyàn kó ẹbí rẹ̀ sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ lo ọlidé? Bí aburú bá sì ṣẹlẹ̀, ta ni yóò jíhìn?

Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Ọdún 2009 ni ilé-iṣẹ́ Google bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọkọ̀ yìí. Ní ọdún 2016 ni wọ́n yọ ẹ̀ka náà sọ́tọ̀, tí wọ́n sọ ọ́ ní Waymo. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní Phoenix láti máa wọ̀ ọ́ láìsí dírẹ́bà nínú rẹ̀. Kámẹ́rà ni ojú rẹ̀. Ó tún ní ẹ̀rọ tí ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde láti fi wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí i tó. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló ń pinnu ìgbà tí yóò yà àti ìgbà tí yóò tẹ bíréèkì. Kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe iṣẹ́ èṣù. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ọkọ̀ yìí kì í mu paraga, kì í tòògbé, kì í bínú sí ẹni tó yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwa tí a ń wọkọ̀ ní gáréèjì mọ iye ìgbà tí èrò ń ké sí dírẹ́bà pé kó rọra. Ta ni í béèrè bóyá dírẹ́bà náà sùn lóru àná? À ń sọ pé a kò lè fi ẹ̀mí ọmọ wa lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi í lé ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìbẹ̀rù nìkan bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tuntun.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Tempe, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2018. Obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì. Ọkọ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ Uber ń dán wò ń bọ̀, ó ń wa ara rẹ̀. Ó kọlu obìnrin náà, ó sì kú. Àjọ ìjọba tó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé ọkọ̀ náà ti rí nǹkan níwájú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 5 ó lé díẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n kò dá a mọ̀ pé ènìyàn ni, nítorí àwọn tó ṣe é kò kọ́ ọ pé ènìyàn lè sọdá níbi tí kò sí àmì ìsọdá. Ọkọ̀ náà ní bíréèkì pàjáwìrì tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́, ṣùgbọ́n Uber ti pa á. Obìnrin mìíràn wà ní ìdí sítíárì láti máa ṣọ́ ọkọ̀ náà. Eré orí fóònù ló ń wò.

Ta ló jíhìn? Ní ọdún 2019, agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé òun kò rí ìdí láti fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ilé-iṣẹ́ náà. Obìnrin tó jókòó nínú ọkọ̀ ni wọ́n gbé lọ sílé-ẹjọ́. Ní ọdún 2023 ó gbà pé òun jẹ̀bi, ilé-ẹjọ́ sì fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún 3. N kò sọ pé kò jẹ̀bi. Ẹni tí a gbà láti ṣọ́nà, tó wá ń wo eré, jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa bíréèkì ńkọ́? Ẹni tó gbé ọkọ̀ tí kò tíì gbọ́n jáde sójú títì ńkọ́? Níbi tí ọwọ́ bá ti pọ̀ nídìí iṣẹ́ kan, ẹ̀bi a máa sá fún àwọn ẹni ńlá, a sì lọ bá ẹni tó kéré jù.

Òfin ti wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó rọ mọ́tò. Ẹ ṣí ìwé Ẹ́kísódù orí 21, kí ẹ ka òfin màlúù tí ń kàn. Bí màlúù tí kò kàn rí bá kan ènìyàn pa, màlúù ni a ó pa, ọrùn ẹni tó ni ín mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń kàn tẹ́lẹ̀, tí a ti kìlọ̀ fún ẹni tó ni ín, tí kò sì sé e mọ́lé, ẹni náà wà nínú ẹ̀bi. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Òfin náà kò béèrè bóyá màlúù ní ọkàn bí ènìyàn. Kò sì wá ọmọ kékeré tó ń dà á kiri láti di ẹ̀bi rù. Ẹni tó ni ín, tó ń jẹ èrè rẹ̀, tó sì ti gbọ́ ìkìlọ̀, ni ó dì mú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ọ̀nà yìí. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 sọ pé nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń wa ara rẹ̀, ẹni tó jókòó sí ìdí rẹ̀ kọ́ ni yóò jẹ̀bi ìwàkuwà rẹ̀, bí kò ṣe ilé-iṣẹ́ tó gba àṣẹ lórí rẹ̀. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ nìyẹn. Ẹni tó ń jẹ èrè ni kó jẹ gbèsè. Ìdáhùn mi ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú wíwọ ọkọ̀ yìí níbi tí ẹnì kan bá wà tí òfin lè dì mú. Níbi tí kò bá sí, kí ìyá má ṣe kó ọmọ sínú rẹ̀, bó ti wù kó tuni lára tó.

Àwọn kan yóò ní, "Ìyá, ọkọ̀ yìí kò lè dé Àgbàdo, kòtò àti ewúrẹ́ ojú ọ̀nà wa yóò dà á láàmú." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin màlúù ti dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ẹbí bá háyà bọ́ọ̀sì fún Kérésì, dírẹ́bà nìkan kọ́ ló ń wà á. Ẹni tó ni bọ́ọ̀sì tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán ń bá a wà á. Ẹni tó ná owó háyà wálẹ̀ títí tí dírẹ́bà fi ní láti sáré padà lọ gbé èrò mìíràn ń bá a wà á. Ìyá tó ń tẹ ọmọ láago ṣáá pé, "Ibo lẹ dé, oúnjẹ ti tutù," ń bá a wà á. Ọdún 1988 ni ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, wọn kò sì yé kìlọ̀ eré àsápajúdé fún wa. Ta ló wá lè sọ pé òun kò mọ̀ pé màlúù yìí ń kàn?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́ta ní ọlidé tó ń bọ̀. Èkínní, kí a mọ orúkọ dírẹ́bà àti ti ẹni tó ni ọkọ̀ kí ẹbí wa tó wọ̀ ọ́. Èkejì, kí a fi ìsinmi dírẹ́bà kún ètò wa: bí ó bá ti wakọ̀ fún wákàtí 4, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán. Ẹ̀kẹta, bí àwọn ọmọ wa lókè òkun bá ní kí a wọ ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà, kí a má sá, kí a má sì fò wọlé. Kí a kọ́kọ́ béèrè pé, "Bí èyí bá ṣe aburú, ta ni yóò jíhìn?" Bí wọ́n bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ wọlé, kí ẹ de bẹ́líìtì yín.

Àdúrà ìrìnàjò dára, ẹ má ṣe jẹ́ kó sú wa. Ṣùgbọ́n kí a má fi àdúrà bo táyà tó ti jẹ tán mọ́lẹ̀. Àlọ wa á dára, àbọ̀ wa á sì san wá. Àmín.