Iṣẹ́ Àwọn Àgbà Nínú Ilé Onígbàgbọ́

2 Tímótíù 1:5



Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a dárúkọ Lóísì nínú gbogbo Ìwé Mímọ́. A kò kà á pé ó wàásù, bẹ́ẹ̀ ni a kò kà á pé ó ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ohun kan ni Pọ́ọ̀lù rántí nípa rẹ̀ nígbà tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n: pé ìgbàgbọ́ tòótọ́ tí ó rí nínú Tímótíù, inú obìnrin àgbà yìí ni ó ti kọ́ gbé, kí ó tó dé inú ìyá ọmọ náà. Ará Gíríìkì ni baba Tímótíù. Síbẹ̀ láti kékeré ni ọmọ náà ti mọ Ìwé Mímọ́. Ta ni ó kọ́ ọ, bí kò ṣe àwọn tí ó wà nílé?

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí ilẹ̀ tiwa. Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọdún 25 kọjá kí òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta ní 1846, nígbà tí ọmọ ti di àlùfáà, tí ìyá sì wà nínú ìsìn àtijọ́ síbẹ̀. Ní 1848 a sàmì fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Ọmọ ni ó gbé ìmọ́lẹ̀ wá fún ìyá. Bákan náà ni ó rí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lẹ́yìn ogun Ìmágbọ̀n ti 1892, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tẹ́wọ́ gba Ìhìn Rere. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tí ó lè kọ́ wọn ní Àdúrà Olúwa. Láti ọ̀dọ̀ ọmọ ni ìgbàgbọ́ ti gòkè lọ sọ́dọ̀ àgbà.

Ṣùgbọ́n lónìí, ní Òde Rẹ́mọ, ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ṣágámù àti ní àyíká wa gbogbo, ọ̀pọ̀ ọmọ ní ohun tí àwọn aṣáájú wọnnì kò ní: àgbà tí orí rẹ̀ ti funfun nínú Ìjọ. Kò ha yẹ kí ìgbàgbọ́ tí ó gòkè nígbà náà máa sọ̀kalẹ̀ nísinsìnyí? Nínú Deuterónómì 4:9, kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan ni a pàṣẹ fún Ísírẹ́lì láti kọ́; a dárúkọ àwọn ọmọ-ọmọ pẹ̀lú.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí wọ́n sì fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà nílé. A ń bọ́ wọn, a ń wọ̀ wọ́n láṣọ, a ń rán wọn lọ sí ilé-ìwé. Èyí dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá lo ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa tí kò gbọ́ ohùn wa nínú àdúrà rí, kí ni a fún un? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí nìkan kọ́ ni ó sì máa ń wọ́. Ọkàn pẹ̀lú a máa wọ́.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀. Àgbà mìíràn wà tí ó ń jókòó níwájú ní Ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n bí àìsàn bá kọlu ọmọ-ọmọ rẹ̀, ilé babaláwo ni ó ń gbé e lọ ní òru. Ọmọ náà kì yóò gbàgbé. Ẹ̀kọ́ òru kan yẹn lè pa ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi rẹ́. Ẹ rántí Ásà ọba, ẹni tí ó mú Máákà, ìyá baba rẹ̀, kúrò ní ipò ayaba nítorí ère tí ó yá. Yóò ti dùn wá tó, bí ọmọ-ọmọ wa bá ní láti kọ̀ wá kí ó tó lè sin Ọlọ́run!

Kí ni kí a wá ṣe? A kò ní kí a gba ipò òbí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa bá wa kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ ní Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, Àdúrà Olúwa àti Òfin Mẹ́wàá, ohun mẹ́ta tí a fi lé àwọn tí ó dúró fún un ní ìsàmì lọ́wọ́. Ẹ ròyìn fún un bí Olúwa ti yọ yín nínú ìpọ́njú. Kí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé má sì ṣe wí pé iṣẹ́ yìí ju agbára òun lọ. Kí ó gbé Bíbélì Yorùbá, tí Crowther kan náà ṣe làálàá lórí ìtumọ̀ rẹ̀, lé ọmọ náà lọ́wọ́, kí ó ní kí ó máa ka orí kan sí òun létí lálaalẹ́. Ọmọ yóò mọ èdè baba rẹ̀ kà, ìyá àgbà yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́: ẹ máa bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n kà fún àwọn àgbà wọn.

Ilé wà tí a ń fi sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ, tí ó sì ń di ẹjọ́. A kò gbọ́ pé Lóísì fi ilé tàbí oko sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ ni ó fi sílẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì di alábòójútó Ìjọ Ọlọ́run.

Kí Ọlọ́run Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù, ẹni tí í ṣe Ọlọ́run bàbá àgbà, ti baba, àti ti ọmọ-ọmọ, fún àwọn àgbà wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí ọjọ́ wà, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.