Ǹjẹ́ Bíbéèrè Ẹ̀rí Jẹ́ Èrò Búburú sí Arákùnrin Ẹni?



Bí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bá mú ọ̀rọ̀ òwò wá, tí ó ní èrè rẹ̀ dájú, tí a sì ní kí ó mú ẹ̀rí wá, ṣé a ti ro èrò búburú sí i ni? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ojú máa ń tì láti béèrè. Ìtìjú yìí sì ti sọ ọ̀pọ̀ wọn di ẹdun arinlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á rántí MMM, ètò Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà. Ó wó lulẹ̀ lọ́hùn-ún ní 1994. Síbẹ̀, nígbà tí ó wọ Nàìjíríà ní 2015, àwọn ènìyàn rọ́ wọ inú rẹ̀, nítorí wọ́n ní owó ẹni yóò máa fi ìdá 30 nínú 100 lé sí i lóṣooṣù. Ní oṣù December 2016, wọ́n ti owó mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Àjọ NDIC sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ènìyàn ni ó pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà. Ní April 2025, CBEX, tí ó ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàrin 30 ọjọ́, tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Níbo ni àléébù wà nínú àlàyé wọn? Àlàyé òwò dà bí afárá. Òpó tí ó gbé e dúró ni ohun tí wọn kò sọ jáde. Òpó yẹn ni kí á máa wá.

Èkínní: "Wọ́n san án fún mi." Òótọ́ ni. Bí òwò bá wà, wọn yóò san. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí òwò, tí ó jẹ́ owó ẹni tí ó dé lẹ́yìn ni wọ́n ń kó fún ẹni tí ó ṣáájú, wọn yóò ṣì san níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí tí ó bá òótọ́ àti irọ́ mu bákan náà kì í ṣe ẹ̀rí.

Èkejì: "Alfa lágbájá wà níbẹ̀." Ìwà rere rẹ̀ fi hàn pé kò ní purọ́ fún wa. Kò fi hàn pé wọn kò purọ́ fún òun náà.

Ẹ̀kẹta: "Gbogbo òwò ló ní ewu." Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ra ẹ̀lùbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó gbé e wá tà ní Ọjà Akẹ̀sán, lè sọ iye tí ó rà á, owó ọkọ̀, àti iye tí ó tà á. Bí ọjà bá kú, èrè rẹ̀ á dín kù. Ẹni tí èrè tirẹ̀ kì í dín kù, kí ni ó ń tà? Ẹ ṣírò rẹ̀: 10,000 náírà tí ìdá 30 ń gorí rẹ̀ lóṣooṣù, bí a kò bá fọwọ́ kàn án, yóò ju 230,000 lọ lẹ́yìn ọdún 1, yóò sì ju mílíọ̀nù 5 lọ lẹ́yìn ọdún 2. Oko wo ni ó ń so bẹ́ẹ̀?

Ẹnìkan lè sọ pé Islam kọ èrò búburú. Lóòótọ́, Súrà Hujurat, aya 12, kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Súrà kan náà, aya 6, ni a ti pàṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn tí ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán bá mú wá, kí á má baà ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá láìmọ̀. Arákùnrin wa kì í ṣe òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó rù wá kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí òun náà kò mọ̀ rí ni ó rán an. Ọ̀rọ̀ náà ni a ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ọkàn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ wọ irú ètò bẹ́ẹ̀, ó jèrè, ó sì mú àbúrò rẹ̀ wọ̀ ọ́. Owó iléèwé àbúrò ṣègbé. Nígbà náà ni ó yé e pé èrè tí òun ti ná, owó ẹlòmíràn ni. Títí di òní, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń san án padà fún àbúrò. Ìtìjú ìbéèrè kan ṣoṣo kò tó ìtìjú yìí.

Abéèrè kì í ṣìnà. Kí á tó fi owó wa sílẹ̀, àti ní pàtàkì kí á tó pe ẹlòmíràn sí i, ẹ jẹ́ kí á béèrè pé: níbo ni èrè yìí ti ń wá? Ẹni tí ó fẹ́ràn wa kò ní bínú.

Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà halali là wá. Àmín.