Ǹjẹ́ A Jẹ Òkúta Ní Gbèsè?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ìsinmi tó kọjá, mo sì rò pé ó yẹ kí n gbé e wá síwájú yín kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àwọn baba wa bá kọ́ ilé kan fún Ọlọ́run, tí àwa sì ti kọ́ òmíràn tó dára jù ú lọ, ǹjẹ́ a tún jẹ èyí àtijọ́ ní gbèsè kankan?

Ohun tó fa ìbéèrè yìí nìyí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan kúrò ní Ọ̀wọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, a gba ọ̀nà Ìfọ́n lọ sí abúlé bàbá mi ní ilẹ̀ Ọ̀sẹ̀. N kò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ṣọ́ọ̀ṣì tuntun wà létí títì. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún bàbá mi, òun ni mo sì fẹ́ rí. A la oko kòkó kọjá, a dé ibẹ̀.

Òkúta ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ìdajì rẹ̀ ti já wálẹ̀. Igi kan ti hù níbi tí pẹpẹ wà tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ méjì sì sùn sábẹ́ àga ìwàásù. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri yìí ti lanu, aláǹgbá sì ti di ọmọ ìjọ.

Ohun kan ni ó yà wá lẹ́nu: ẹnu ọ̀nà mọ́ tónítóní. Bí a ti ń wò ó ni bàbá arúgbó kan yọ sí wa, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, a kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe ìsìn níbí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìsìn kẹ̀? Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Ilẹ̀ ni mo wá gbá."

"Ta ní ń sanwó fún yín, Bàbá?"

"Kò sí o. Ìyá mi wà lára àwọn obìnrin tó ru òkúta wọ̀nyí láti odò, pẹ̀lú òṣùká lórí. Oyún mi wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Bí mo bá jẹ́ kí koríko bo ẹnu ọ̀nà yìí, ojú ìyá mi ni koríko bò yẹn."

Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní ìyá bàbá mi náà wà nínú àwọn tó rù ú. N kò gbọ́ èyí rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Orúkọ ìdílé wa wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, nítorí owó tí a dá. Orúkọ ìyá bàbá mi kò sí lára ògiri kankan.

Bí a ti ń padà bọ̀, ọ̀rẹ́ mi sọ pé kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó ní Bíbélì pàápàá kọ́ wa pé ilé tí ọwọ́ ènìyàn kọ́ kò lè gba Ọlọ́run. Ó ní ilé ìsìn dà bí ọkọ́: iṣẹ́ ni a fi ń ṣe, bí ó bá sì gbó, a ó ra òmíràn. Ta ní í sunkún ọkọ́ tó ti gbó? Ó tún bi mí pé abúlé tí kò ní omi tó mọ́, ṣé owó páànù ni kí ó máa wá fún ilé tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀?

N kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Ẹ wo àwọn ará Ìdànrè. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí àwọn baba ńlá wọn ń gbé, wọ́n sì tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600. Ta ni yóò bá wọn wí pé wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà àti ọjà sún mọ́ àwọn ọmọ wọn? Wọ́n fi ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ilé agogo sílẹ̀ lókè. Síbẹ̀ wọn kò kọ òkè náà. Wọ́n ń ṣe ọdún Orósùn títí di òní, wọ́n sì ń mú àlejò gòkè lọ wo ibi tí Ọwá ti ń jókòó. Ní ọdún 2007, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ síwájú àjọ UNESCO. Nítorí náà, fífi ilé sílẹ̀ yàtọ̀ sí gbígbàgbé ilé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú lè má fi ọkọ́ bàbá rẹ̀ roko mọ́, ṣùgbọ́n kò ní í jù ú sórí ààtàn.

Ẹlòmíràn lè ní kí ìjọba wá gbà wá. Ní Ọ̀wọ̀, ìjọba àpapọ̀ kéde ààfin Ọlọ́wọ̀ ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 2000. Wọ́n ní àwọn gbàgede rẹ̀, tí a ń pè ní ùghà, tó 100 nígbà kan rí, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àfọ́kù ìkòkò ni wọ́n sì fi tẹ́ ilẹ̀ wọn. Ó dára kí ìjọba kéde. Ṣùgbọ́n ìwé ìkéde kì í tu koríko.

Ní Ọ̀wọ̀ kan náà, ní ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn oníbọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Francis Xavier Mímọ́, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40. Bí ìjọ náà bá ní àwọn kò tún fẹ́ fojú kan ilé náà mọ́ títí láé, ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, wọ́n padà wọ inú rẹ̀, wọ́n sì jọ́sìn. Lójú tèmi, kì í ṣe ògiri ni wọ́n padà sí, bí kò ṣe àwọn tó ṣubú níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yìnbọn ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa. A kàn rí èyí tó dára jù ú lọ ni, a sì gbàgbé.

Ìdáhùn mi nìyí. A kò jẹ òkúta ní gbèsè rárá. Àwọn tó rù ú ni a jẹ ní gbèsè, òkúta sì ni ẹlẹ́rìí wọn. Ọ̀rẹ́ mi jàre nípa páànù: kí abúlé kọ́kọ́ gbẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ kì í náni lówó púpọ̀, bíbéèrè orúkọ kì í sì í náni ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ń jẹ èrè iṣẹ́ tí kò fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é, olè ni, bí kò tilẹ̀ jí nǹkan kan.

Mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú ìwé àti kálámù. Bàbá náà dárúkọ obìnrin 11, ìyá bàbá mi ni ìkẹta. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó di ojú rẹ̀, ó ní àwọn yòókù ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ìbá ṣe pé mo lọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni, bóyá ìbá lé ní ogún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ìsinmi bá dé, tí ẹ sì padà sí ìlú yín, ẹ wá àgbà kan rí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bi í pé ta ni ó ru òkúta.