Ṣé O Mọ̀ Ọ́n, àbí O Gbà Á Gbọ́?

Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo lè sọ ẹ̀sìn méjì. Ẹ wo Làmídì Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun, àwọn onílù bàtá tí òkìkí wọn kàn dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà: orúkọ Mùsùlùmí ló ṣíwájú, orúkọ Àyàn, òrìṣà ìlù, ló tẹ̀ lé e. Mùsùlùmí pọ̀ nínú ìdílé onílù ìlú náà, ìdílé yìí kan náà ló sì ń lu bàtá fún egúngún láti ìran dé ìran. Ìbéèrè tí àlejò, oníwàásù àti ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kàwé ń bi irú wọn kì í yàtọ̀: ṣé ẹ gba egúngún gbọ́ ni? Èrò tèmi ni pé ìbéèrè náà kò bá ẹni tí à ń bi mu. Ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì gbà ń pín ọ̀rọ̀ la fi ń bi í, bẹ́ẹ̀ èdè tiwa ní ìpín mìíràn, èyí tó mú ṣánṣán ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló wà nídìí rẹ̀, know àti believe. Know gbòòrò lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ọmọ ilé-ìwé tó ka ìwé ìtàn lè fi sọ pé Napoleon kú ní 1821, kò sì sí ẹni tí yóò bi í bóyá ó wà níbẹ̀. Ìwé tó kà tó ẹ̀rí. Láti ayé Plato ni àwọn onífìlọ́sọ́fì wọn ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ènìyàn believe, tó jẹ́ òótọ́, tó sì ní ìdí tó múná, ni à ń pè ní ohun tó know. Ọ̀kan nínú wọn, Edmund Gettier, fi àpilẹ̀kọ kékeré kan da ìtumọ̀ yẹn rú ní 1963, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá a lóhùn kò yọ believe kúrò nínú know. Lójú tiwọn, believe ni ìpìlẹ̀, know ni ilé tí a kọ́ lé e.

Barry Hallen àti Olubi Sodipo, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì Ifẹ̀, gbé mọ̀ àti gbàgbọ́, tí a sábà fi ń túmọ̀ know àti believe, lọ síwájú àwọn oníṣègùn àgbà, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ jáde nínú ìwé ní 1986. Ìdáhùn àwọn àgbà náà yàtọ̀ pátápátá. Ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, òun ni ìmọ̀. Ohun yòówù tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ lẹ́nu bàbá ẹni, ìgbàgbọ́ ni, títí a ó fi dán an wò fúnra wa. Bí a bá wá dán an wò tó rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìgbàgbọ́ mọ́. Níhìn-ín, ìgbàgbọ́ kì í ṣe apá kan ìmọ̀. Bí ọ̀kan bá dé, èkejì a yẹra.

Bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ náà pàápàá ń sọ ohun kan náà. Gbàgbọ́ ní gbà àti gbọ́ nínú, ó sì máa ń là sí méjì kí ohun tí à ń sọ lè wọ àárín: a gba Ọlọ́run gbọ́, mo gbà á gbọ́. Etí ni ọ̀nà tó gbà wọlé. Mọ̀ kì í là. Ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn sẹ́yìn: a mọ ọkọ̀ wà, a mọ ọbẹ̀ sè, a mọ ìlù lù. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé òun gba ìlù gbọ́ lù. Ẹ wo ọmọdé tó ń kọ́ ìyáàlù bàtá. Ọwọ́ kan wà lójú òjò, ojú ńlá ìlù náà, bílálà awọ wà lọ́wọ́ kejì, ó ń fi na ṣáṣá, ojú kékeré. Àgbà á fi ẹnà bàtá pe ọ̀rọ̀ tí ìlù fẹ́ sọ fún un, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò lù ú tí oríkì ìdílé kan yóò jáde ketekete, tí eléégún tó ni ín yóò sì yí ijó padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn, ojú rẹ̀ ló ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ló sì ṣe é. Kí ni gbàgbọ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn ti le jù, pé ojoojúmọ́ là ń gbọ́ "mo mọ̀ pé ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù" lẹ́nu ẹni tí kò kúrò ní Ìlobùú rí. Òótọ́ ni, ẹnu kì í fi gbogbo ìgbà ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, kí ó kan ààlà ilẹ̀, kí àwọn àgbà bi ẹlẹ́rìí pé, "Ṣé ojú rẹ ló ṣe?" Kíá ni mọ̀ yóò padà di "wọ́n ní". Ìgbà tí nǹkan bá le la máa ń mọ ibi tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí.

Àtakò kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ ìlù egúngún lù kò tíì fi ìyẹn hàn pé ará ọ̀run ló wà nínú ẹ̀kú. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ìmọ̀ onílù kò dá ẹjọ́ ọ̀run fún wa. Ohun tí mò ń sọ kò tó yẹn: pé a kò lè wo ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kí a wá ti ibẹ̀ ka ohun tí ọkàn gbà.

Ìpín yìí kò sì bu ẹ̀sìn tó wọlé tọ̀ wá kù. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, èyí tó jáde lódindi ní 1884 lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún pípẹ́ Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣe é, lo ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, a sì ń pe Kristẹni ní onígbàgbọ́ títí dòní. Orúkọ tó ní iyì ni, nítorí kò fi ara rẹ̀ pe ohun tí kì í ṣe. Bí a bá fi ìpín yìí wo ìtàn Tọ́másì, ẹni tó fojú rí ojú ọgbẹ́ Jésù ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń gbàgbọ́. Àwọn tí kò rí rárá, síbẹ̀ tí wọ́n gbàgbọ́, ni Jésù súre fún. Pásítọ̀ tó ń kígbe pé òun mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó gbọ́ ni, ń gba ìbùkún yẹn lọ́wọ́ ara rẹ̀. Mùsùlùmí ní tirẹ̀ a máa jẹ́rìí, ọ̀rọ̀ tó sì sábà máa ń béèrè ojú ni. Ẹnìkan lè fi èyí já mi ní koro. Ṣùgbọ́n Ìsìláàmù kan náà fi gbígba ohun tó pamọ́ gbọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwà olùbẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ̀rí ọkàn ni ẹ̀rí náà, kì í ṣe ti ojú.

Ó ku àlùfáà Mùsùlùmí tí yóò ní òun kò bìkítà nípa ọ̀rọ̀ ẹnu, pé ẹbọ ni ẹbọ ń jẹ́, ẹni tó bá sì lu ìlù fún un ti lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ń dá onílù lẹ́jọ́, òun nìkan ló bi í ní ohun tó tọ́, nítorí iṣẹ́ ló ń tọ́ka sí. Kí lo lù, fún ta ni, níbo? Ojú rí gbogbo ìyẹn, a lè mọ̀ ọ́n, òfin ẹ̀sìn rẹ̀ sì lè dá a lẹ́bi lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ síwájú pé onílù náà kì í ṣe Mùsùlùmí nínú ọkàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ àníyàn ló ń sọ yẹn, ojú rẹ̀ kò sì débẹ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó bi onílù náà, kí ó gbọ́ ohun tó bá sọ, kí ó gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́.