Ta Ló Yẹ Ọ̀pá Sitíárìn Náà Wò?

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 1994, ní pápá eré ọkọ̀ Imola ní Ítálì, ọkọ̀ tó ṣíwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ dé kọ́nà tí wọ́n ń pè ní Tamburello, kò yà. Ó lọ tààrà. Eré tó tó kìlómítà 310 ní wákàtí kan ló ń sá nígbà tó kúrò lójú ọ̀nà. Awakọ̀ tẹ bíréèkì débi tí eré náà fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 210, kí ọkọ̀ tó kọlu ògiri kọnkéré. Ayrton Senna ni awakọ̀ náà, ọmọ ilẹ̀ Bràsíìlì, ẹni ọdún 34, tó ti gba adé àgbáyé ní 1988, 1990 àti 1991. Irin kan láti ibi táyà iwájú gún un lórí, ó gba inú àṣíborí rẹ̀ wọlé. Ọjọ́ náà ló kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni orílẹ̀-èdè rẹ̀ fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn adóòlà ẹ̀mí débẹ̀, sitíárìn ọkọ̀ náà kò sí ní ipò rẹ̀ mọ́. Ó ti já kúrò pẹ̀lú apá kan ọ̀pá irin tó so ó mọ́ àwọn táyà iwájú. Ọ̀pá náà ti kán, ibi tó sì ti kán ni ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kàn án ṣe ṣáájú ọjọ́ náà: wọ́n ti gé e, wọ́n sì ti jó irin tó tín-ín-rín jù ú lọ mọ́ ọn.

Kò sí ẹni tó ní ibi lọ́kàn nínú iṣẹ́ yìí. Inú ọkọ̀ Williams FW16 náà há. Bí Senna bá ń yí sitíárìn, eegun ìka ọwọ́ rẹ̀ a máa ha ara ọkọ̀ lókè. Ó ní kí wọ́n bá òun wá nǹkan ṣe sí i, irú ẹ̀bẹ̀ kékeré tí awakọ̀ èyíkéyìí lè bẹ mẹkáníìkì rẹ̀. Adrian Newey, ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ náà, ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ ní 2017 pé mìlímítà 2 péré ni àwọn fi rẹ ọ̀pá náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìdíje ti ní ìwọ̀n àyè tó gbọ́dọ̀ ṣófo nínú ọkọ̀, ọ̀pá tó sọ̀ kalẹ̀ sì ti fẹ́ yọjú sínú àyè náà. Kí wọ́n má bàa rú òfin, wọ́n dín ọ̀pá náà kù níbẹ̀. Mìlímítà 22 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di 18.

Mìlímítà 4 kò tó nǹkan lójú. Irin kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ara páìpù bá nípọn bákan náà, tí ẹ sì dín in kù láti 22 sí 18, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tó fi ń kọ ìlọ́ ti lọ. Èyí tó tún burú sí i ni pé ibi tí irin ńlá ti pàdé irin kékeré mú ṣáṣá, wọn kò jẹ́ kó tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo ipá ọwọ́ awakọ̀ àti gbogbo gbígbọ̀n ojú ọ̀nà ń kóra jọ síbẹ̀. Àárẹ̀ a máa mú irin. Á sán díẹ̀ lónìí, ojú sísán náà á gùn sí i lọ́la, ọkọ̀ á sì máa yà bó ṣe yẹ kó yà, títí di ọjọ́ tí kò ní yà mọ́.

Ẹjọ́ náà pẹ́ nílé-ẹjọ́ Ítálì. Ní 1997, wọ́n dá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀. Ní 1999, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ìdájọ́ náà. Ní 2003, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́. Ọdún 2007 ni ọ̀rọ̀ tó parí: adájọ́ ní ọ̀pá sitíárìn tó kán ló fa ìjàǹbá náà, pé èrò tí wọ́n fi ṣe àtúnṣe náà kò dára, ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe é náà kò dára. Wọ́n ní ẹ̀bi náà kan Patrick Head, ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Williams tó ṣe ọkọ̀ náà, nítorí àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe. Wọn kò fìyà jẹ ẹ́, torí pé iye ọdún tí òfin là sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti kọjá.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gba ìdájọ́ náà gbọ́. Newey gbà pé iṣẹ́ ọ̀pá náà kò dára, pé ó ti sán, pé ì bá kán lọ́jọ́ kan; àmọ́ lójú tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣètò afẹ́fẹ́ tó ń gba ara ọkọ̀ náà kọjá ló dà á rú lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ máa bá iyàn wọn lọ. Ohun tí wọn kò jiyàn lé lórí ni pé irin tó ti sán wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń sá eré 310, kò sì mọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wo àwọn àgbà tó wà lọ́jà yìí: ilé-iṣẹ́ tó gba adé àgbáyé ní 1992 àti 1993, tó ní owó, tó ní irinṣẹ́, tó ní àwọn ọlọ́gbọ́n tí ayé ń wárí fún. Síbẹ̀, orí ọmọ tuntun wọ́ lójú wọn. Báyìí ni iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ ṣe ń bàjẹ́. Ẹni tó bẹ iṣẹ́ gbà pé àwọn tó ń ṣe é mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣe é gbà pé ọ̀gá ti wò ó. Ọ̀gá ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ọmọ iṣẹ́. Ojú mẹ́ta, kò sí èyí tó rí nǹkan kan.

Ẹnì kan ní Adakplamè, níhìn-ín ní ilẹ̀ Benin, lè ní èwo ló kan òun níbẹ̀. Ní tòótọ́, ọkọ̀ kan kò lè sá 310 lórí ọ̀nà tó lọ sí Kétu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìhà tí sitíárìn wà kò ṣàjèjì sí àwọn ará ẹnubodè. Títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà ń rìn lójú títì, nígbà tí Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Benin nígbà náà, ń rìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ tó bá ti ẹnubodè Ìlárá kọjá ní láti yí ọwọ́ padà. Nàìjíríà ti wá bá wa lọ́wọ́ ọ̀tún láti ìgbà náà. Àmọ́ Japan àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lo ọkọ̀ tí sitíárìn rẹ̀ wà ní ọ̀tún, àwọn kan sì ń rà á wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nítorí owó pọ́ọ́kú, wọ́n á wá gbé sitíárìn rẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Wọ́n á gé irin, wọ́n á jó irin, wọ́n á fi ọ̀pá kan lé òmíràn. Àwọn mìíràn ní Peugeot 504 àtijọ́, wọ́n fẹ́ kó jọ ọkọ̀ eré-ìje, wọ́n á yọ sitíárìn ńlá rẹ̀, wọ́n á fi kékeré sí i. Àní ọwọ́ ọ̀kadà tó bá kán, ọ̀dọ̀ jórinjórin ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń gbé e lọ.

Kò sóhun tó burú nínú pípààrọ̀ sitíárìn. Ó ní bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí táyà iwájú kọjú síwájú gbọnrangandan, kí ẹ sì sàmì sí bí sitíárìn àtijọ́ ṣe jókòó lórí ọ̀pá. Eyín inú sitíárìn tuntun gbọ́dọ̀ bá eyín orí ọ̀pá mu rẹ́gí. Èyí tí ẹ bá ní láti fi òòlù gbá kó tó wọlé, kì í ṣe ti ọkọ̀ yẹn. Nọ́ọ̀tì tuntun ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dì í tó bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí. Ẹ rántí pé sitíárìn kékeré máa ń wúwo lọ́wọ́: ẹni tó bá kúrò lórí èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40 bọ́ sórí èyí tó jẹ́ 35 yóò fi bí ìdá kan nínú méje kún agbára tó fi ń yí i.

Ọ̀pá fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe jó o. Láti nǹkan bí ọdún 1967 ni ilé-iṣẹ́ General Motors ti ń ṣe ọ̀pá tó máa ń ká wọlé bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kí ó má bàa gún awakọ̀ láyà. Òfin Amẹ́ríkà sì sọ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ di dandan ní 1968. Jórinjórin tó bá jó ibi tó yẹ kó ká wọlé pọ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀kọ̀ tó dojú kọ àyà ẹni tó ni ín. Èyí tó bá kán tàbí tó tẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lódindi.

Bí ẹ́ábáàgì bá wà nínú sitíárìn náà, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Ẹ yọ okùn bátìrì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ má sì kàn ra èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tókùnbọ̀ láìmọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ẹ́ábáàgì tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe ní kẹ́míkà ammonium nitrate tí ooru àti ọ̀rinrin máa ń bà jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bó bá bú, á máa ta ègé irin sójú awakọ̀. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè ní 2017. Ooru àti ọ̀rinrin kò wọ́n wa níhìn-ín.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ẹ yí sitíárìn dé òpin ọ̀tún àti òpin òsì, ẹ fà á, ẹ tì í, ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún. Ẹ wà á jẹ́jẹ́ níbi tí èrò kò sí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún nọ́ọ̀tì náà dì wò. Bí mẹkáníìkì bá ní òun ti ṣe tán, ẹ bi í léèrè ẹni tó yẹ iṣẹ́ náà wò. Bó bá dárúkọ ara rẹ̀ nìkan, ẹ pe mẹkáníìkì mìíràn kó wá wò ó kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín.