Ẹ̀ṣẹ̀ Wo Ni Àgbébọ̀ Tó Kọ Ṣẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ abúlé lágbègbè Akínyẹlé, bí àgbébọ̀ bá kọ bí àkùkọ, wọ́n á ní àmì ibi ni. Ọ̀bẹ ló kàn. Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀ ná. Ilé ẹyin apá òsì nìkan ló sábà ń ṣiṣẹ́ lára adìyẹ. Bí àìsàn bá bà á jẹ́, èyí tó sùn lápá ọ̀tún lè jí, kó máa ṣe bíi kóró ẹpọ̀n: ogbe á tóbi, ohùn á yí. Àìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́.

Àwa nìkan kọ́. Ní 1474, ní ìlú Basel, wọ́n dáná sun àkùkọ kan torí pé wọ́n ló yé ẹyin.

Ẹni tó fi adìyẹ tí kò yé mọ́ se ọbẹ̀ kò ṣe aburú. Ṣùgbọ́n ká pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀ torí ara rẹ̀ yí padà? Ẹni tó bá ń dá adìyẹ lẹ́jọ́ báyìí, ènìyàn ló kàn.