Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àrokò Inú Fóònù

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ kò ní tẹ́tí nìkan, yóò wo ojú onítọ̀hún pẹ̀lú. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí ojú wa kò sí, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi ojú tí a fi àmì tò rọ́pò tiwa? Bí ó bá sì tọ́, kí ni a tún jẹ ẹni tí a fi ojú náà ránṣẹ́ sí?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán fún mi. Ní ọdún 2005, ìyàwó ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ṣaláìsí ní ìlú Oǹdó. Akúrẹ́ ni èmi ń gbé, ọkọ̀ èrò kò sì ń lò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ láti Akúrẹ́ dé Oǹdó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni mo fi ṣe àwáwí. Mo mú fóònù mi, mo tẹ̀ ẹ́ pé, ‘Baba, e ku araferaku’, mo sì fi àmì kan kádìí rẹ̀, èyí tí ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní yunifásítì kọ́ mi: (T_T). Ó ní àwọn ará Jàpáànù ni ó ni ín. Ìlà tí ó dábùú lókè T ni ìpéǹpéjú tí ó dì, ìlà tí ó sọ̀ kalẹ̀ sì ni omijé tí ń ṣàn. Mo rò pé mo gbọ́n.

Kí òǹkàwé tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí bí nǹkan ti rí. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, náírà 50 ni ìpè ìṣẹ́jú kan, nítorí náà àtẹ̀jíṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbára lé. Ààyè 160 péré ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ní. Lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó há mọ́ ara wọn lórí bọ́tìnnì kan; ẹni tí ó bá fẹ́ s yóò tẹ 7 lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, àmì ohùn kò sì pé. Fóònù tí ó bá tilẹ̀ lè kọ ẹ, ní kété tí ó bá ti kọ ọ́, ààyè 160 náà di 70. Ẹni tí ó bá rí ‘owo’ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ní Akúrẹ́ yóò fúnra rẹ̀ rò ó bóyá owó ni, tàbí ọwọ́, tàbí òwò, tàbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, tàbí ìlú Ọ̀wọ̀ tí ó múlé gbè wá. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá wọ inú fóònù bẹ́ẹ̀ ti sọ ojú àti ohùn rẹ̀ nù. Ta ni kò ní wá ojú mìíràn fún un?

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, Scott Fahlman ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà dábàá :-) kí àwọn tí ń kọ̀wé síra wọn lórí kọ̀ǹpútà lè mọ àwàdà yàtọ̀ sí òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ojú yẹn ní láti dorí kọ ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1986, àwọn ará Jàpáànù ti ń lo (^_^), ojú tí ó nàró bí ojú ènìyàn. Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ náà. Ẹnu ni ará Amẹ́ríkà fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹyinjú ni ará Jàpáànù fi ń rẹ́rìn-ín, tí ó sì fi ń sunkún. Ní ọdún 2007, Masaki Yuki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé bí ará Jàpáànù bá fẹ́ mọ inú ènìyàn, ojú rẹ̀ ni ó ń wò jù, nígbà tí ará Amẹ́ríkà ń wo ẹnu jù. Àwa tí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ojú, pe ẹyinjú àti gbogbo iwájú orí, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ ni fífi àmì ránṣẹ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Àrokò ti wà kí ìwé tó dé. Àlùfáà C. A. Gollmer kọ nípa rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní ọdún 1885. Bí a bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n kọjú síra, ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀ ni, ojú ẹni ni a fẹ́ rí. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Owó ẹyọ mẹ́fà a máa wí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà ni. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àrokò tí kò sí nínú fóònù mi. Ènìyàn ni ó ń gbé àrokò. Ó ti rin ọ̀nà, eruku wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Yóò kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, yóò jíṣẹ́, a ó sì bi í léèrè bí ẹni tí ó rán an ti wà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: ọgbọ́n ìránṣẹ́ a máa kún àbùkù ẹni tí ó rán an. Fóònù kò lè ṣe èyí. Bí mo ti tẹ̀ ẹ́ ni ó jẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo dé Oǹdó, oṣù méjì ti kọjá. Bàbá gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún mi ní omi mu. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ fóònù wọn, wọ́n wá àtẹ̀jíṣẹ́ mi rí, wọ́n sì nà án sí mi.

‘Ọmọ mi, mo rí ìkíni rẹ, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n T méjì wo nìyí? Mo fi han olùkọ́ kan ní àdúgbò, kò mọ̀ ọ́n. Fóònù yìí ti kún, mo ti pa tàwọn yòókù rẹ́, ṣùgbọ́n n kò pa tìrẹ rẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí o ń wí fún mi.’

Mo ní, ‘Bàbá, ẹkún ni.’

Wọ́n tún wò ó. ‘Ẹkún ta ni?’

‘Tèmi ni, sà.’

Wọ́n dákẹ́, wọ́n wo ojú mi pẹ́ díẹ̀. ‘Ó dára. Mo ti rí ojú náà wàyí.’

Wọn kò bá mi wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbá sàn kí wọ́n bá mi wí.

Àwọn kan yóò ní irọ́ ni mo pa, nítorí ojú mi gbẹ nígbà tí mo ń tẹ omijé. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àṣà wa kò ní kí gbogbo ẹni tí ó bá wá kí ọlọ́fọ̀ sunkún. Ojúṣe ni ìkíni jẹ́ kí ó tó jẹ́ ìmọ̀lára. Ọmọ tí ó wà ní London, tí kò rí owó ọkọ̀ òfuurufú san, bí ó bá fi omijé aláàmì ránṣẹ́ sílé, ó ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni pé mo fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, mo sì ṣe bí ẹni pé odindi ni. Ojú tí a tẹ̀ sínú fóònù, gbèsè ni; ojú ẹni ni a sì fi ń san án. Ẹni tí ó lè san án ní wákàtí kan, tí ó jẹ́ kí ó di oṣù méjì, ajigbèsè ni.

Fóònù òde òní ti ní ojú aláwọ̀ lóríṣiríṣi, ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan sì ti tó. Ní ìgbà yẹn, (^_^) ń gba ààyè méje nínú 160, nítorí ^ kọ̀ọ̀kan ń gba ààyè méjì. Ẹni tí ó bá fi ránṣẹ́ ti náwó díẹ̀, ó ti ṣe wàhálà díẹ̀. Wàyí tí ojú ti di ọ̀pọ̀, mo ti fi ìbéèrè Bàbá ṣe òṣùwọ̀n ara mi. Kí n tó fi ẹkún ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, mo máa ń bi ara mi pé: ẹkún ta ni? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé tèmi ni, mo tún máa ń wo aago, kí n mọ ọkọ̀ tí yóò gbé mi lọ.